Ilẹ̀ Gbóná

Ọdún mẹ́ta ni Bàbá ti ń kó ẹrù ẹlẹ́rù
wọ ilé onílé ní Íńṣọ̀n, ní Kòríà.
Lọ́jọ́ tí a dé láti Mọ̀ngólíà, ó kó tiwa:
àpótí méjì, báàgì kan tí síìpù rẹ̀ ti já,
àti ìyá rẹ̀, Dúlúmà, tó gbá àwo onígi mọ́ àyà
bí ẹni pé aṣọ́bodè ṣì ń tẹ̀ lé e bọ̀.
Bàbá ní ẹrù náà fúyẹ́.
Síbẹ̀ ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dẹ́nu ọ̀nà.

Àjà kẹrìnlá. Ẹ̀rọ agbénigòkè ń ka àjà fún wa
pẹ̀lú ohùn obìnrin kan tí kì í mí.
Àbúrò mi dá a lóhùn: "Ẹ ṣé, mà."
Nínú gbogbo ará ìlú yẹn, òun la kọ́kọ́ kí.

Nọ́ńbà mẹ́fà la ń tẹ̀ sára ilẹ̀kùn; kọ́kọ́rọ́ ò sí.
Bàbá gbá mi léjìká: "Ọjọ́ ìbí rẹ ni mo fi ṣe é."
Mo wò ó. Ọjọ́ pé, ọdún pé,
oṣù ni kò pé.
Mi ò wí nǹkan kan.
Ilẹ̀kùn ṣáà ṣí.

A bọ́ bàtà. A tẹ ilẹ̀.
Ilẹ̀ gbóná!
Màmá fò sẹ́yìn, ó ní iná ti ràn nísàlẹ̀.
Nínú àgọ́ wa, àárín ni ààrò máa ń wà:
iwájú á máa yan bí ẹran,
ẹ̀yìn á gan bí igi.
Ta ló gbọ́ iná lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rí?
Mo mọ̀ pé àwọn kan wà láyé
tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá gbóná, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ kó tutù.
Àwa dùbúlẹ̀ lé e gbalaja, aṣọ òtútù lọ́rùn,
a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e bí ẹni ń gbọ́ àṣírí.
Yàrá mẹ́ta ni Bàbá san owó rẹ̀.
Ọ̀kan ṣoṣo la sùn sí.

Láàárọ̀, Bàbá ti lọ síbi iṣẹ́.
Dúlúmà já wàrà inú páálí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pòṣé,
ó dà á sínú àwo, ó ṣí fèrèsé,
ó fi ṣíbí igi wọ́n ọn sí ọ̀run,
bó ti ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀ ayé rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní pápá, koríko ló ń gba ohun tí ọ̀run bá kọ̀.
Níbí, aṣọ ìbora Ìyáàfin Pyo ni, àjà kẹtàlá.

Ó gòkè wá, aṣọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbọ́ nínú èdè rẹ̀,
èyí tí Bàbá kọ́ wa lórí fóònù: ẹ má bínú.
A sọ ọ́, a tún un sọ, ẹnu wa ò ṣe déédéé.
Dúlúmà kò bẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀.
Ó nawọ́ sí òkè, ó nawọ́ sí àwo.
Obìnrin náà nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀:
bàtà onírun àgùntàn, nínú ilé!
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bàtà ló wù ú.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ìyáàfin Pyo dúró, aṣọ lápá òsì, bàtà lápá ọ̀tún.
Ó yíjú padà, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàtà náà fi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ já, mo yọjú lójú fèrèsé:
ó wà nísàlẹ̀, ó ń ya ìgò kúrò lára ìwé nínú pàǹtí,
bàtà wa lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ títí dòní.

Dúlúmà ò dáwọ́ dúró. Ó kàn máa ń yọjú wo ìsàlẹ̀ ná.
Bí aṣọ bá wà níbẹ̀,
ọ̀run á dúró.